Gálílì ń bọ̀: kí la fẹ́ gbé dání tí àgbà á jẹ, tí ọmọdé náà á jẹ?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè oúnjẹ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Gbogbo Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ẹbí wa máa ń jáde lọ ṣe Gálílì. Lọ́dún yìí, Erin-Ìjẹ̀ṣà la fẹ́ lọ, níbi omi Olúmirin tó ń já láti orí òkè. Ìbàdàn la ti ń gbéra. Àgbà mẹ́sàn-án, ọmọ mọ́kànlá. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, èyí tó dàgbà jù ti pé mẹ́tàlá. Ìyá ọkọ mi ń bá wa lọ, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ojú tì mí lọ́dún tó kọjá. Mo se ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ayamáṣe. Àwọn àgbà ń lá ọwọ́, àwọn ọmọ ń sunkún ata. Mo ti ra sọ́séèjì róòlù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ ìyókù nù. Fúráìdì ràìsì tí mo gbójú lé, nígbà tá a máa ṣí kúlà ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, òórùn kíkan ló kọ́kọ́ kí wa. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni Bàbá Ìbejì sáré lọ rà lẹ́bàá títì. Èmi tí mo jí láago mẹ́ta òru dáná!

Oúnjẹ tí gbogbo wa á jọ jẹ láti inú ìkòkò kan náà ni mò ń wá. Mi ò tún ń se tọmọdé lọ́tọ̀, tàgbà lọ́tọ̀. Kó má sì jẹ́ èyí tó fẹ́ ṣíbí àti àwo rẹpẹtẹ, torí orí àpáta la máa jókòó sí, omi á sì máa ta sí wa lára.

Kúnlé Pẹ́kàm

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí ẹ̀gbọ́n rà yẹn gan-an ni kí ẹ tún rà. Kí ló ṣe é? 😂

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Kúnlé, fi mí sílẹ̀ o. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń fi ẹ̀wà yẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́.

Alásè Mọ́kọ́lá

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyí, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń se oúnjẹ òde. Fúráìdì ràìsì kì í ṣe oúnjẹ ìrìn àjò rárá. Karọ́ọ̀tì, ẹ̀wà tútù, ẹ̀dọ̀, gbogbo wọn ló lómi nínú. Ẹ wá dé e pa nígbà tó ṣì ń yọ èéfín, ẹ jù ú sí búùtù fún wákàtí mẹ́ta. Kí ni kò ní kan?

Jọ̀lọ́ọ̀fù ni kí ẹ sè. Ẹ jẹ́ kí ata ẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó da omi ẹran sí i, kí òróró léfòó, kí kíkan tòmátò kúrò níbẹ̀. Kọ́ńgò kan ààbọ̀ á tó yín tí nǹkan míì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ sè é lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i mọ́jú, ẹ kó o sínú kúlà láàárọ̀. Kò ní bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Àǹtí Alásè, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ohun tí ẹ wí ni mo gbà, àfi ti ìṣísílẹ̀ mọ́jú yẹn. Kòkòrò kan wà lára ìrẹsì tí ìsè kan ṣoṣo kì í pa tán. Tí ìrẹsì bá ti kúrò ní gbígbóná tó wá wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́, kòkòrò náà á jí, á máa bí sí i, á sì tu oró sínú oúnjẹ. Oró yẹn kì í gbọ́ iná o. Ẹ gbé e gbóná lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ibẹ̀ ló ṣì wà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyí: láàárín 4°C sí 60°C ni ewu wà. Oúnjẹ sísè ò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níbẹ̀. Tí ooru bá ju 32°C lọ, tí ooru ilẹ̀ wa sì sábà máa ń jùyẹn lọ lásìkò Àjíǹde, wákàtí kan péré ni. Torí náà, èyí tó yẹ kó gbóná, kó gbóná débi tí ẹ ò fi ní lè kiwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí tó yẹ kó tutù, kó wà lórí yìnyín. Agbede méjì yẹn ló ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Alásè Mọ́kọ́lá

Nọ́ọ̀sì, láti ayé ìyá mi la ti ń ṣí jọ̀lọ́ọ̀fù sílẹ̀ mọ́jú. Kò tíì sẹ́ni tó padà wá bá mi pé inú run òun.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Wọn kì í padà wá bá alásè, ìyá mi. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá.

Alásè Mọ́kọ́lá

Hmm. Ó dáa, mo ti gbọ́. Tí kò bá ní ṣeé ṣí sílẹ̀ mọ́jú, a jẹ́ pé aago mẹ́rin ìdájí ni kí iná wà nídìí ẹ̀, kó ti orí iná bọ́ sínú kúlà tààrà. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo mọ̀ dájú: kẹ́ ẹ tó kó o sí kúlà, ẹ da omi tó ń hó sínú kúlà náà, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá dà á nù kí ẹ nù ún gbẹ. Kúlà tútù máa ń fa ooru oúnjẹ mu ni. Ẹ sì jẹ́ kó kún dẹ́nu, torí àyè tó bá ṣófo nínú ẹ̀ ló máa ń mú un tutù. Fúráìdì ràìsì tiyín yẹn, mo fẹ́ gbà pé ìdajì kúlà ló wà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ìdajì ni lóòótọ́! Ta ló sọ fún yín?

Ọmọ Alákàrà

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń jà lórí ìrẹsì nígbà tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá Ìbejì, mọ́ínmọ́ín eléwé ni nǹkan tí ẹ ń wá. Ewé ẹ̀ ni àwo ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì á jẹ ẹ́, ìyá ọkọ yín náà á jẹ ẹ́, torí ẹ̀wà kì í gbé ṣúgà ara sókè wìtìwìtì bí ìrẹsì.

Bí mo ṣe ń ṣe ti ìrìn àjò rèé. Ẹ̀wà olóyin kọ́ńgò kan. Mo rẹ ẹ́, mo bó o, mo fi tàtàṣé ńláńlá mẹ́fà àti àlùbọ́sà mẹ́ta lọ̀ ọ́. Rodo méjì péré, mo sì máa yọ hóró inú ẹ̀ dànù. Tàtàṣé ló ń fún un láwọ̀, kì í ta èèyàn lẹ́nu. Omi tí mo fi ń pò ó máa ń dín sí ti ilé díẹ̀, torí èyí tó bá rọ̀ jù, ṣíbí ni ọmọdé máa fi jẹ ẹ́, á sì run mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́ńgò kan máa ń fún mi ní bí ẹyọ márùndínlọ́gbọ̀n.

Ẹja Títọ́ọ̀sì ni mò ń fi sí tàgbà, ọwọ́ ni mo sì fi ń yọ eegun ẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Tàwọn ọmọ ò ní ẹja rárá. Ẹyin sísè ni, ìlàjì ẹyin kan fún ewé kan, tí mo bá sì pọ́n ọn tán mo máa ń so òwú pupa mọ́ ìdí ewé kó má bàa pòrúrú mọ́ tàgbà. Ẹ ò mọ bí inú àwọn ọmọ ṣe máa ń dùn sí òwú yẹn. "Èyí tó ní òwú, tèmi ni!" Èyí tí wọn ò ní jẹ nílé, wọ́n á jà sí i.

Ata àwọn àgbà ńkọ́? Mo máa ń dín in lọ́tọ̀. Rodo, ṣọ́ńbọ̀, àlùbọ́sà tó pọ̀, edé gbígbẹ, títí omi ẹ̀ á fi fà tán tó máa ku òróró nìkan. Inú ìgò onídèérí ló ń gbé. Àgbà tó bá fẹ́ kí imú òun máa da omi, kó bù ú lé tiẹ̀. Ohun tó bà yín jẹ́ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, ẹ ti pa ata pọ̀ mọ́ oúnjẹ kẹ́ ẹ tó rántí àwọn ọmọ.

Tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ ro omi ìdí ìkòkò dànù, odindi ìkòkò náà ni kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nínípọn méjì wé, kí ẹ gbé e jókòó sínú apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i láago mẹ́wàá, á ṣì máa jó yín lọ́wọ́.

Bàbá Tọ́lá

Mọ́ínmọ́ín ẹyọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọmọ mọ́kànlá, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan. Ẹ rántí ṣí gbogbo wíńdò nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé o.

Èmi ò rò pé ó yẹ kéèyàn se nǹkan kan láti ilé. Adìẹ la máa ń fi ata àti iyọ̀ rẹ́ mọ́jú nínú fíríìjì, a gbé e sórí yìnyín, ọ̀hún la ti máa ń yan án. Èmi ni mò ń dúró tì í. Àwọn ọmọ á yí mi ká, wọ́n á máa fẹ́ná. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, ẹ fi ṣe bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gbígbóná ni wọ́n á jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa jí láago mẹ́ta òru.

Màmá Súkúrà

Bàbá Tọ́lá, ọmọ mọ́kànlá yí ẹyin iná ká lórí àpáta tí omi ti mú yọ̀? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé wọ́n tiẹ̀ gbà kéèyàn dáná níbẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń gbowó ìwọlé léèrè kẹ́ ẹ tó gbé èédú dání.

Àwa náà máa ń jáde, ọjọ́ kejì Iléyá ni tiwa. Ẹran tá a bá fẹ́ gbé lọ, a máa ń bọ̀ ọ́, a gé e wẹ́wẹ́ bí àtàǹpàkò, a wá dín in títí á fi gbẹ dáadáa. Ó dùn ún jẹ lọ́wọ́, ọmọ ò ní máa fi eyín fà á, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Tèmi ò ju iyọ̀, táímù àti àlùbọ́sà lọ. Yájí wà nínú ọ̀rá lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ á ti tiẹ̀ bọ̀ ọ́.

Bàbá Tọ́lá

Ẹ ṣé, Màmá. Orí pápá gbalasa la máa ń lọ ní tiwa, kì í ṣe ibi omi. Ọ̀rọ̀ yín ṣe é gbọ́.

Kúnlé Pẹ́kàm

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gidi báyìí. Ní tiwa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí oòrùn bá ti yọ lọ́jọ́ Sátidé báyìí, gbogbo wa la máa wà ní páàkì. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ọmọ ò fẹ́ jókòó jẹun rárá. Wọ́n á sáré wá, wọ́n á gbé nǹkan kan, wọ́n á tún sáré lọ. Torí náà, nǹkan kéékèèké ni ìyàwó mi máa ń ṣe: pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ṣinṣín, míìtì páì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, sáńwíìṣì adìẹ oní-máyónéèsì. Mọ́ínmọ́ín ńkọ́, tútù la máa ń jẹ ẹ́, ọjọ́ kejì gan-an.

Zobo: ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ má jẹ́ kó kún dẹ́nu, ẹ kó o sí fírísà lálẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló máa jẹ́ yìnyín tí ẹ máa fi tu èso lójú. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti yọ́, ó ti ṣe é mu.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Kúnlé, ti zobo yẹn dáa, o ṣé. Ṣùgbọ́n oòrùn yín yẹn, ṣé ẹ ń pè é ní oòrùn ni? Máyónéèsì nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Erin-Ìjẹ̀ṣà? Mi ò fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì bú mi.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mi ò ní bú yín, ṣùgbọ́n máyónéèsì yẹn, ẹ fi sílẹ̀ sí Pẹ́kàm. 😄 Mọ́ínmọ́ín ọjọ́ kejì Kúnlé kò burú, torí inú fíríìjì ló sùn tó sì tutù dé páàkì. Tiyín máa gbóná dé ibẹ̀. Èyí tó bá wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ sá fún.

Nǹkan méjì míì. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ yẹn, ẹ má fún un ní ẹ̀pà tàbí gúgúrú o, bó ti wù kó sunkún tó. Ó lè há a lọ́fun, ilé ìwòsàn ò sì sí lórí àpáta. Ẹ bi àwọn òbí tó kù bóyá ẹnì kan wà tí ara ọmọ ẹ̀ kì í gba ẹ̀pà. Ti Ìyá: kí zobo tiwọn wà lọ́tọ̀, aláìní ṣúgà, atalẹ̀ àti kànáfùrù ni kí ẹ fi mú un dùn. Ẹ má fi ọ̀pẹ òyìnbó sí tiwọn, ṣúgà ni òun náà. Kí wọ́n má sì gbàgbé òògùn wọn nílé nítorí ìkánjú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde

Kò sí ẹni tó dárúkọ òjòjò. Ó yà mí lẹ́nu.

Ewùrà ni, ẹ rin ín, ẹ fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti ata díẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ pò ó kó fẹ́lẹ́, ẹ máa dá a sínú epo gbígbóná ní kéékèèké. Àwọn ọmọ mi máa ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ bisikí.

Alásè Mọ́kọ́lá

Òjòjò dùn, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe dárúkọ ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde

Ọwọ́ alásè ló ń sọ ọ́ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ẹ má bínú. Tí ẹ bá kó o láti inú epo, orí asẹ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ gun ìkejì. Kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó kó o síbì kan. Omi gbígbóná inú ara ẹ̀ ló ń padà rọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá tètè dé e. Apẹ̀rẹ̀ tí ẹ tẹ́ bébà sí nísàlẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, aṣọ fẹ́lẹ́ lórí, kì í ṣe kúlà, kì í ṣe ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe dùndún. Dòdò ni mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn lé, rírọ̀ ló máa ń rọ̀ bó ti wù kó rí.

Alásè Mọ́kọ́lá

Ó dáa, màá gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ alásè, àbí? 😒

Màmá Súkúrà

Èso ńkọ́? Àsìkò mángòrò la wà yìí. Ẹ fọ̀ ọ́ láti ilé, ẹ má gé e. Ọsàn náà, ẹ bó èèpo ẹ̀ nìkan. Wọtamẹ́lọ̀nù tí wọ́n bá ti gé nílé, tí kò sì wà lórí yìnyín, kì í pẹ́ yọ̀. Ẹ gbé odindi ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i bí ẹ ṣe ń là á. Ẹ mú ọ̀bẹ dání o, èmi gbàgbé lọ́jọ́ kan, òkúta la fi fọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mọ́ínmọ́ín kọ́ńgò kan ààbọ̀, òwú pupa fún tàwọn ọmọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù kọ́ńgò kan, nínú kúlà kékeré kó lè kún dẹ́nu. Ẹran díndín ti Màmá Súkúrà. Òjòjò nínú apẹ̀rẹ̀. Mángòrò, ọsàn, wọtamẹ́lọ̀nù kan. Zobo oríṣi méjì, tí ti Ìyá ní ìdérí aláwọ̀ ewé. Ìgò ata kan. Píọ̀ wọ́tà àpò méjì, ìdajì ẹ̀ nínú fírísà. Ọ̀bẹ! Àti ọ̀rá ńlá méjì tá a máa kó ewé àti ìdọ̀tí sí bọ̀ wálé.

Ọmọ Alákàrà, ewé ti wọ́n jù lọ́jà Bódìjà. Ṣé mo lè lo agolo?

Ọmọ Alákàrà

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ṣíbí ni ẹ máa fi jẹ ẹ́ nìyẹn, agolo sì pọ̀ láti gbé. Ẹ ra ewé ìwọ̀nba, ewé kan ṣoṣo ni kí ẹ ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi èyí tó ti fàya tẹ́ ìdí ìkòkò. Kẹ́ ẹ ṣáà má fi ọ̀rá sè é, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

*(Lẹ́yìn ọjọ́ Gálílì)*

A lọ, a sì bọ̀. Ẹ ṣeun gan-an.

A ò gùn kọjá ipele àkọ́kọ́ nínú méjèèje torí àwọn ọmọ àti Ìyá. Aago mọ́kànlá kọjá la tó jẹun, èéfín ṣì ń jáde lára mọ́ínmọ́ín. Bẹ́ ẹ ṣe wí gan-an ni ti òwú pupa rí. Ìbejì mi Táyé jẹ mẹ́ta, ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà nílé. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ń jẹ tiẹ̀, ó tún ń ṣa ẹyin inú ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Òjòjò tán kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó dé ìdajì, ó sì ṣì ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo júbà. Jọ̀lọ́ọ̀fù gbóná títí di aago méjì, èyí tó kù nígbà yẹn, mo dà á nù, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà. Ìgò ata. Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo gbé e sí kí n má bàa gbàgbé ẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí a fi padà dé. Mọ́ínmọ́ín rodo méjì péré la gbé síwájú Bàbá Ìbejì àti àwọn àbúrò ẹ̀. Wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n wo ara wọn. Àbúrò ọkọ mi dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ìyá tó ń tajà nísàlẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú rodo tútù nínú ọ̀rá. Wọ́n ń gé e jẹ bí ẹni jẹ obì, mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ọ̀tún, rodo lọ́wọ́ òsì. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò rí irú èyí rí láyé àwọn.

Kúnlé Pẹ́kàm

Ẹ̀gbọ́n wa náà jẹ rodo tútù? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀ o. 😂

Ọmọ Alákàrà

Lọ́dún tó ń bọ̀, inú apẹ̀rẹ̀ òjòjò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìgò ata sí.